Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Tú sí Sọ́rì

… tí ó fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, tí ọwọ́ kejì wà lórí. Orí ti gbá irin. Ó dún débi pé àwọn tó ń ti ẹrù jáde ní pápákọ̀ òfurufú wẹ̀yìn wò.

Bàbá ní, "Pẹ̀lẹ́."

Ó rántí pé ọmọ òun kò gbọ́ Yorùbá. Ó tún un sọ.

"Sọ́rì."

Ọkùnrin náà gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. Èjìká rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó ń sunkún.

Houston, oṣù Kẹta, 1984.

Bàbá rò pé orí ló ń dùn ún.


*


ÌWÉ TÍ DÓKÍTÀ FI LÉ WỌN LỌ́WỌ́
(oṣù Kẹta, 1986)

Ìrántí Ọláwọlé ń lọ. Èyí tó ti lọ kò ní padà. Kí ìyókù má bàa yára lọ, ẹ ṣe báyìí:

— Ẹ kọ ìgbésí ayé rẹ̀ sórí káàdì. Ohun kan lórí káàdì kan.
— Gbólóhùn kúkúrú. Orúkọ, ibi, ọdún.
— Ẹ máa kà á fún un láàárọ̀.
— Ẹ máa gba ohùn rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì lóṣooṣù, kí a lè fi oṣù kan wé èkejì.
— Òótọ́ nìkan. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ á tún da orí rẹ̀ rú ni.


*


Mojọlá ra ọgọ́rùn-ún káàdì. Ó ra ìwé oníláìnì kan fún Bàbá. Bàbá á kọ ọ́ ní Yorùbá sínú ìwé. Mojọlá á dà á sí Gẹ̀ẹ́sì sórí káàdì. Bí Mojọlá bá ní ohun tó fẹ́ sọ, etí ìwé ló ń kọ ọ́ sí.

Ìwé náà nìyí.

Bàbá kò pe ara rẹ̀ ní "mo" nínú rẹ̀. Ó ní "Bàbá." Ó rọrùn bẹ́ẹ̀.


*


KÁÀDÌ 1. ÀWỌN ÈÈYÀN

Ìwọ: Ọláwọlé Adélékè. Leeds, ilẹ̀ England, la ti bí ọ, 1951.
Ìyá rẹ: Olúwatóyìn. Ó kú ní Iléṣà, 1979.
Àbúrò rẹ: Mojọlá. Nọ́ọ̀sì ni. Ilé rẹ̀ la wà yìí. Westchase, Houston, àjà kejì.
Veronica: òyìnbó Yorkshire. Òun ló tọ́ ọ. Ó ṣì wà láyé.
Bàbá rẹ: ẹni tó ń kọ èyí. Ọdún méjìdínláàádọ́rin.

M.: Dádì, ẹ̀yin ló yẹ kó ṣáájú.

Bàbá fi í sílẹ̀ níbi tó wà.


*


KÁÀDÌ 2. IṢẸ́ RẸ

Rọ́gíbì. Ẹlẹ́ni mẹ́tàlá. 1969 sí 1982.
Ipò: iwájú, láàárín àwọn tó ń forí gborí.
Iye ìdíje: ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá.
Ẹ̀ẹ̀mejì lo wọ ẹ̀wù England.
Nínú ìwé ìròyìn, orúkọ rẹ ni W. Adlake. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ kò lè kọ Adélékè. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe.


Bàbá kò wo ẹyọ kan nínú ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá náà.


*


KÁSẸ́Ẹ̀TÌ KÌÍNÍ
(oṣù Kẹrin, 1986. Lùkúmọ̀n, ọ̀rẹ́ Mojọlá, ló wá bá wọn tún ẹ̀rọ náà ṣe. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni, ó ní ilé ńlá ní Sugar Land, ilé iṣẹ́ epo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a dúró ni. Àyè wà fún un.)

Gẹ̀ẹ́sì ni Ọláwọlé ń sọ. Bàbá ló tú u. Gẹ̀ẹ́sì kò ya "o" sọ́tọ̀ kúrò lára "ẹ." Níbi tí Ọláwọlé ti ń bá Bàbá sọ̀rọ̀, Bàbá kọ "ẹ." Ó pa á rẹ́. Ó kọ "o." Kò dá a lójú pé "ẹ" tọ́ sí òun.

LÙKÚMỌ̀N: Ẹ̀gbọ́n Wọlé, bọ́ọ̀lù tí ẹ gbá yìí, ṣé ẹ máa ń dé akoto bíi ti àwọn ará ibí?
ỌLÁWỌLÉ: Rárá.
LÙKÚMỌ̀N: Ohun tí wọ́n ń dì mọ́ èjìká ńkọ́?
ỌLÁWỌLÉ: Vaseline. Létí.
LÙKÚMỌ̀N: Vaseline! Bàbá, ẹ ń gbọ́? Àwọn tibí ń ru odidi ilé ìdáná sára kí wọ́n tó wọ pápá, ẹ̀gbọ́n mi ń fi Vaseline jagun!
BÀBÁ: Mo gbọ́.
LÙKÚMỌ̀N: Tí wọ́n bá wá gbé yín ṣánlẹ̀, ẹ ó sinmi díẹ̀ ṣá?
ỌLÁWỌLÉ: O ó dìde. O ó gbé bọ́ọ̀lù síwájú ẹsẹ̀. O ó fi ẹsẹ̀ yí i sẹ́yìn fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ. Wọ́n á tún gbé òun náà ṣánlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Lẹ́yìn náà, ẹ ó fún àwọn tọ̀hún.
LÙKÚMỌ̀N: Tí ẹ ò bá wá lè dìde?
ỌLÁWỌLÉ: O ó dìde.


*


ÌWÉ ÌRÒYÌN YORKSHIRE, oṣù Kọkànlá, 1971
(Veronica ló gé e pamọ́)

… Adlake kò mọ ibi tó wà fún ogún ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí a bi í léèrè èsì ìdíje, ó ní òun rò pé a kò tíì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo yàrá ìmúra ló rẹ́rìn-ín …


*


LÁTINÚ ÌWÉ VERONICA

1970 imú
1971 orí. Ó sùn di ọjọ́ kejì
1973 imú. Ìka méjì
1974 orí
1974 orí
1976 egungun èjìká
1977 orí. Ó bi mí pé ta ni mí
1979 orí
1980 orí. Kò sọ fún mi. Ojú rẹ̀ ni mo wò
1981
1982 ó tó


Bàbá ka "orí." Mẹ́fà.

Ó tún un kà.


*


LẸ́TÀ VERONICA
(1983. Iléṣà ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí. Ìbátan kan ló fi ránṣẹ́ sí Houston.)

Ọ̀gbẹ́ni Adélékè,

Ẹ̀yìn fọ́tò kan ni mo ti rí àdírẹ́sì yìí. N kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ṣì wà níbẹ̀.

Ó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó ń gbàgbé ìkòkò sórí iná. Láti kékeré kò béèrè yín rí. Lọ́dún yìí, ó ti béèrè yín lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun kan ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Ó ní kì í ṣe ohun ńlá.

Veronica


*


Bàbá ka lẹ́tà náà nígbà yẹn. Ó rò pé ìwé ìbí ló fẹ́, tàbí ìtàn ìdílé.


*


LẸ́TÀ KAN, Houston, oṣù Kẹwàá, 1984
(ẹgbẹ́ rọ́gíbì kan ló kọ ọ́ sí Ọláwọlé)

Ọ̀gbẹ́ni Adélékè,

Inú wa dùn sí bí ẹ ṣe kọ́ àwọn ọmọkùnrin wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní pápá wa.

A ti wá gbọ́ pé ẹlẹ́ni mẹ́tàlá lẹ gbá ní England, iṣẹ́ oṣù sì ni. Tiwa ni ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, eré ìgbádùn lásán ni. Òfin tó kárí ayé ni pé ẹni tó bá ti fi ẹlẹ́ni mẹ́tàlá jẹun kò gbọdọ̀ bá wa gbá, kò gbọdọ̀ kọ́ àwọn tó ń gbá, títí ayé rẹ̀.

A mọ̀ pé òfin náà le. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.


*


Ó lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Wọ́n fi sùúrù dá a padà. Ó tún lọ lọ́jọ́bọ̀. Ó wọ bàtà oníṣó rẹ̀ láti ilé lọ.

Mojọlá fi lẹ́tà náà hàn án. Ó kà á tán. Ó ní, "Ìgbà wo lèyí dé?"

Ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ mọ̀.


*


KÁÀDÌ 3. IṢẸ́ RẸ NÍ HOUSTON

Ẹ̀ṣọ́. Ilé iṣẹ́ alájà mẹ́sàn-án, Westchase. 1984 sí 1986.


ÀKÍYÈSÍ (lára ògiri ilé náà)

Àjà 3 ṣófo.
Àjà 4 ṣófo.
Àjà 5 sí 9 ṣófo.
Ẹ̀rọ agbéniròkè kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́.
Ẹ̀ṣọ́: ẹnì kan.


Wọ́n dá gbogbo ènìyàn dúró nígbà tí owó epo já wálẹ̀. Wọn kò dá ẹ̀ṣọ́ dúró. Ọláwọlé jókòó sí ìsàlẹ̀, ó ń kí àwọn tí kò sí níbẹ̀ mọ́.


*


OHÙN MOJỌLÁ LÓRÍ Ẹ̀RỌ FÓÒNÙ, oṣù Kejì, 1986

Dádì, ẹ gbé fóònù. Ẹ gbé e, mo mọ̀ pé ẹ wà nílé. Wọ́n ti rí i. Kò farapa. Ó wa mọ́tò gba títì I-10 lọ, ó kọjá Katy, ó kọjá Columbus, epo tán. Ẹ̀gbẹ́ freeway ni wọ́n bá a, ó jókòó sórí koríko. Wọ́n bi í pé níbo ló ń lọ, ó ní ilé. Dádì, òpópónà Veronica ló sọ fún ọlọ́pàá! Ẹ má ní ẹ̀ ń bọ̀ o, kí lẹ máa gùn? Mo ti ń lọ mú un. Ẹ jẹun. Ìrẹsì wà nínú fíríìjì. Ẹ gbé fóònù náà nígbà míì, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ejò.


*


KÁÀDÌ 4. ÌDÍ TÍ A FI FI Ọ́ SÍLẸ̀


(òfìfo)


*


KÁÀDÌ 4, ẹ̀dà kìíní

Bàbá àti Ìyá ń kàwé ní Leeds. Yàrá kan la ní. Nígbà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń fi ọmọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá òyìnbó kí wọ́n lè kàwé parí. Inú ìwé ìròyìn la ti ń rí wọn. Kò sẹ́ni tó rí i bí ohun tó burú. O pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí a mú ọ lọ bá Veronica.

M.: Òótọ́ ni, sà. Àmọ́ ìdí tí ẹ fi mú un lọ nìyẹn. Káàdì ń béèrè ìdí tí ẹ ò fi mú un bọ̀.


KÁÀDÌ 4, ẹ̀dà kejì

Ní oṣù Kẹsàn-án, 1957, Bàbá àti Ìyá ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé. Ìyá rẹ lóyún Mojọlá. Ara rẹ̀ kò gba kó tún gbé ọmọ mìíràn dání.

M.: Oṣù Kọkànlá, 1958, ni wọ́n bí mi. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo lò níbẹ̀? Ẹ yọ mí kúrò níbẹ̀, Dádì.


KÁÀDÌ 4, ẹ̀dà kẹta

Veronica kò fẹ́ kó o lọ.

M. kò kọ nǹkan kan. Ìwé kan ló fi pín-ìnnì kàn mọ́ etí ojú ewé náà:

"… mo ti kó ẹrù rẹ̀. Mo ra bàtà tuntun fún un nítorí ọkọ̀ ojú omi. Ó wà lójú fèrèsé láti àárọ̀ Sátidé títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ kò wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọjọ́ mìíràn. Veronica. Oṣù Kẹsàn-án, 1957."


*


Òótọ́ nìkan. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀.


*


(Kò sí kásẹ́ẹ̀tì fún èyí. Bàbá kọ ọ́ bó ṣe rántí rẹ̀. Oṣù Karùn-ún. Ọláwọlé ń sùn nínú yàrá.)

LÙKÚMỌ̀N: Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lé mi lẹ́nu iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ má rẹ́rìn-ín.
BÀBÁ: Mi ò rẹ́rìn-ín.
LÙKÚMỌ̀N: Ẹ̀yin kì í kúkú rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá mi yọ̀ ṣubú níwájú ọ́fíìsì mi. Mo ní, "Áà, sọ́rì sà!" Ó dìde, ó wò mí ṣùnnùn. Ó ní, kí lo dà sílẹ̀?
MOJỌLÁ: Irọ́ ni!
LÙKÚMỌ̀N: Wàláì. Mo ní mi ò da nǹkan kan sílẹ̀. Ó ní, kí wá ni sọ́rì ń wá? Mo ní mò ń bá yín kẹ́dùn ni. Ó ní, ta ló kú? Nígbà tí wọ́n wá ń ṣa orúkọ àwọn tí wọ́n máa dá dúró, wọ́n ní Lùkúmọ̀n, èyí tó da òróró sílẹ̀.
MOJỌLÁ: Òróró ti wá dé inú ẹ̀!
LÙKÚMỌ̀N: Òróró ti dé, sister. Sọ́rì tiwọn, ẹni tó jẹ̀bi ló ni ín. Tiwa, ẹni tó bá ṣáà ti wà nítòsí. Ẹ ṣọ́ ẹnu yín, Bàbá, kí ẹ má lọ jẹ́wọ́ ohun tí ọwọ́ yín ò sí níbẹ̀.
BÀBÁ: Tí ẹni tó gbọ́ ọ bá gbà á ńkọ́?
LÙKÚMỌ̀N: Gba kí ni?

Bàbá gbé ife rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná.


*


Bàbá gbé Leeds fún ọdún mẹ́jọ. Ó yẹ kó mọ̀.

Ó mọ̀.

Kò mọ̀. Tó bá mọ̀, kò rò ó.


*


ÌGBÀ TÍ BÀBÁ SỌ SỌ́RÌ FÚN ỌLÁWỌLÉ, ÀTI OHUN TÍ Ọ̀HÚN FI DÁHÙN

Pápákọ̀, oṣù Kẹta, 1984. Orí gbá ọkọ̀.
"Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wá nìyẹn."

Ilé ìdáná, 1984. Omi gbígbóná dà sí i lọ́wọ́.
"Ó ti tán, Dádì."

Lẹ́yìn lẹ́tà àwọn ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
"Ó ti pẹ́. Jẹ́ kó lọ."

1985. Ó ń sín.
"O ti sọ ọ́ tó."

Ẹnu ilẹ̀kùn, oṣù Kejì, 1986. Mojọlá mú un ti àgọ́ ọlọ́pàá dé. Koríko wà lára ṣòkòtò rẹ̀.
"Mo ti dárí jì ọ́. Má tún sọ ọ́ mọ́."


Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó sọ wọ́n. Ó rò pé àìsàn ni.


*


Pẹ̀lẹ́ ló sọ. Ìgbà márààrún. Orí, omi, lẹ́tà, òtútù, ọlọ́pàá. Èèyàn ń sọ ọ́ fún àjèjì tó kọsẹ̀ lójú títì.

Ọmọ yìí ré kọjá òkun wá gbọ́ ohun kan. Ó gbọ́ ọ. Bàbá kò tíì sọ ọ́.


*


Ilé ìdáná. Mojọlá ń wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

MOJỌLÁ: Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Dádì.
BÀBÁ: Kò ṣeé fi sílẹ̀.
MOJỌLÁ: Ó ti gbà á. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kí lẹ tún fẹ́ lọ jí i dìde fún?
BÀBÁ: Orí òfo ló balẹ̀ sí.
MOJỌLÁ: Kò mọ̀ pé òfo ni.
BÀBÁ: Èmi mọ̀.
MOJỌLÁ: Ẹ̀n-ẹ́n. Ta wá lẹ fẹ́ tìtorí ẹ̀ sọ ọ́, òun àbí ẹ̀yin?

Bàbá fọ ife. Ó mọ́ tẹ́lẹ̀.

MOJỌLÁ: Àti pé irú ọ̀rọ̀ wo lẹ máa lò? Ẹ ti ná sọ́rì tán.


*


Òótọ́ ni. Bàbá wá ọ̀rọ̀ mìíràn.

"Má bínú": ìyẹn gan-an ni. Bàbá kò sọ ọ́ fún ọmọ rí. Kò gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá tirẹ̀.

"Dárí jì mí": ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ọlọ́run la ń sọ ọ́ fún. Ọmọ náà sì ti ní òun dárí jì í. Yóò rò pé ti àtijọ́ ni.

Ó bi Lùkúmọ̀n kí ni wọ́n ń pe "má bínú" ní Gẹ̀ẹ́sì.

LÙKÚMỌ̀N: Sọ́rì náà ni, Bàbá.


*


KÁÀDÌ 4, ẹ̀dà kẹrin

Mo wá.

Sátidé yẹn, mo wá. Bọ́ọ̀sì já mi sílẹ̀ ní ìkángun òpópónà. Mo rí ọ lójú fèrèsé. O wọ bàtà tuntun.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú rẹ̀, nígbà tí mo wá wò ọ́, o pè mí ní Mísítà. O bi Veronica níwájú mi pé, ìgbà wo ni ọkùnrin yìí ń lọ? Veronica rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó wà ní ilé kejì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo gbé ìbínú yẹn lọ sí Leeds. Mo sùn tì í fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo tún gbé e padà wá.

Mo dúró ní ìkángun òpópónà. Mo ní, ọmọ tí kò mọ̀ mí, kí ni mo fẹ́ fi í ṣe ní Iléṣà? Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́. Ìwọ ni mo ń bínú sí.

Bọ́ọ̀sì mìíràn dé. Mo wọ̀ ọ́.

Mo sọ fún ìyá rẹ pé o ní ibà, pé Veronica yóò fi ọ́ ránṣẹ́ lóṣù mẹ́fà sí i. Ó pa ibùsùn rẹ mọ́. Nígbà tó kú, ibùsùn náà ṣì wà níbẹ̀.


*


Etí ìwé ṣófo.


*


Mojọlá kò dà á sí Gẹ̀ẹ́sì.


Ó bá Bàbá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ó ní kí Bàbá wá jẹun. Kò pè é ní Dádì.


*


DÓKÍTÀ, oṣù Kẹfà

Ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì oṣù mẹ́ta ti dé ọwọ́ wa. Àárọ̀ nìkan ló ṣì mọ́lẹ̀ díẹ̀ fún un. Bí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ bá a sọ, ẹ má ṣe fi falẹ̀.


*


Àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọláwọlé jẹ ẹyin méjì. Bàbá jókòó sí iwájú rẹ̀. Ó fi iyọ̀ fún un.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ń sùn.

Àárọ̀ ọjọ́rú. Ó bi Bàbá pé ta ni obìnrin tó wọ aṣọ funfun yẹn. Bàbá ní àbúrò rẹ ni. Ó ní, "Ó dára lójú."

Àárọ̀ ọjọ́bọ̀. Ó ṣubú ní ilé ìwẹ̀. Kí Bàbá tó dé ibẹ̀ ó ti dìde, ó dúró ṣánṣán, ó ń fi ẹsẹ̀ yí ọṣẹ sẹ́yìn. Ó ń dúró de ẹni tí yóò gbà á.

Bàbá ti la ẹnu. Pẹ̀lẹ́ ti dé ahọ́n. Ó pa ẹnu dé.


*


KÁSẸ́Ẹ̀TÌ KẸRIN
(ọjọ́ kọkànlá, oṣù Keje, 1986. Aago mẹ́jọ àárọ̀. Bàbá àti Ọláwọlé nìkan.)

Ìṣẹ́jú méje àkọ́kọ́: Bàbá sọ ẹ̀dà kẹrin. Ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀. Kò kà á. Ó sọ ọ́ dé ibi ọ̀rọ̀ ibùsùn náà.

Bàbá kò kọ ìṣẹ́jú méje náà síbí. Ìyókù nìyí.

BÀBÁ: Ṣé o gbọ́ mi?
ỌLÁWỌLÉ: Mo ń gbọ́.
BÀBÁ: Èmi ni mo wà ní ìkángun òpópónà. Má bínú.
ỌLÁWỌLÉ: Kí ni?

(Yorùbá ni Bàbá sọ. Ó tú u bó ṣe rí, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé èkejì: kí ó má ṣe bínú.)

ỌLÁWỌLÉ: Mi ò bínú, sà.
BÀBÁ: Ọláwọlé.
ỌLÁWỌLÉ: Òun ló kọ́kọ́ gbá mi, rẹfirí. Ẹ bi ẹni tó dúró létí ìlà.
BÀBÁ: Ta ló gbá ọ?
ỌLÁWỌLÉ: Ẹ̀yìn yín ló wà. Ẹ kò rí i.

(Ohùn mọ́tò kan kọjá nísàlẹ̀.)

BÀBÁ: Mo rí i.
ỌLÁWỌLÉ: Ẹ rí i?
BÀBÁ: Mo rí gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà. Mi ò ṣe nǹkan kan.
ỌLÁWỌLÉ: Ẹ kò ṣe nǹkan kan.
BÀBÁ: Mi ò ṣe nǹkan kan.

ỌLÁWỌLÉ: Ìṣẹ́jú mélòó ló kù, sà?
BÀBÁ: Díẹ̀.
ỌLÁWỌLÉ: Ẹ fọn fèrè nígbà náà. Òtútù ti ń mú àwọn ọmọ yìí.